Èédú Lórí Yìnyín

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkọ mi ṣe lágídí tó, ẹ má wá sílé wa nígbà ooru. Nígbà ooru, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ wá nígbà tí òtútù bá fẹ́ parí, tí yìnyín ṣì bo pápá gọ́ọ̀fù mọ́lẹ̀, tí ó ń jí láàárọ̀, tí ó ń gbé ife tíì rẹ̀ lọ sójú fèrèsé láti wo òkè. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ nígbà yẹn o. Èmi tí mo ti wà lọ́ọ̀dẹ̀ rẹ̀ látìgbà tí irun mi ṣì dúdú, n kì í dán an wò.

Ẹṣin ló ń wò. Lára òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa, bí yìnyín bá ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀, àpáta á yọ jáde níbì kan, dúdú láàárín funfun: orí ẹṣin, ọrùn ẹṣin, ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwọn baba wa kì í gbin nǹkan kan títí ẹṣin yẹn á fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan láti ìlú ńlá Sapporo wá ra oko wa, tí wọ́n sọ ọ́ di pápá gọ́ọ̀fù, wọ́n gba ọkọ mi, Torigoe Tamotsu, pé kó máa bójú tó koríko ibẹ̀. Oko lọ, ẹṣin ò lọ. Ẹṣin yẹn náà ló fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká da èédú.

Níbi tiwa, yìnyín kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Tí a bá fi í sílẹ̀ fún oòrùn nìkan, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù á dé fún ìsinmi ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n á bá wa nídìí ṣọ́bìrì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ́n èédú àlọ̀kúnná sórí yìnyín, pàápàá níbi tí ihò wà, níbi tí koríko ti kúnná bí irun orí ọmọ tuntun, tí a ń pè ní gíríìnì. Dúdú ń fa oòrùn mọ́ra, yìnyín abẹ́ rẹ̀ á sì tètè yọ́. Àsìkò rẹ̀ ló ṣòro. Tó bá pẹ́, pápá ò ní ṣí lásìkò. Tó bá yá jù, omi á dúró lórí ilẹ̀ tó ṣì dì, òtútù á tún padà, omi náà á di gbagidi, koríko ò sì ní rí èémí mí lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Nagisa. Ó kàwé lórí koríko. Ẹ má rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kà á ní yunifásítì. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní pápá kan ní Kagoshima, lápá gúúsù lọ́hùn-ún níbi tí wọn kì í rí yìnyín, nígbà tí orúnkún baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ láago. Mo sunkún díẹ̀ sí i, mo sì fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kún èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó dé. Àdéhùn ni pé á ṣiṣẹ́ lábẹ́ baba rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, baba á sì fi ipò náà lé e lọ́wọ́. Ìgbà díẹ̀ náà wá ń gùn. Ohunkóhun tó bá sọ, baba á ní ọ̀rọ̀ inú ìwé ni. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń bá a jiyàn. Nígbà tó yá kò jiyàn mọ́, ìgbà yẹn sì lẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ nínú ayé mi tó kù, kò sì fara sin: kí ọmọ yìí má tún lọ.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, yìnyín ò pọ̀. Oṣù kẹta ò tíì wọlé dáadáa tí ọkọ mi fi pe gbogbo wa sójú fèrèsé. Ẹṣin ti dúró. Orí rẹ̀, ọrùn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kedere. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí àlejò rẹ̀ tètè dé. Ó jókòó sídìí oúnjẹ, ó ní ká wá da èédú.

"Bàbá, ẹ dákun," ni Nagisa wí. "Yìnyín ọdún yìí ò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí àpáta fi tètè yọ. Ìrúwé ò tíì dé. Ilẹ̀ ṣì le bí òkúta nísàlẹ̀."

"Ṣé ẹṣin dúró àbí kò dúró?"

"Ó dúró, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ mélòó lo kà?"

"Mẹ́rin."

"Ó tán nìyẹn." Ó fi igi ìjẹun mú ègé radíìṣì oníyọ̀ kan, ó rún un wòmù-wòmù. "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nínú ìwé rẹ yẹn, ṣé wọ́n ya òkè wa síbẹ̀?"

"Wọn ò yà á. Ṣùgbọ́n..."

Mo fi ẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Ó wò mí, ó sì gbé ọbẹ̀ miso rẹ̀ mu. Lẹ́yìn tí baba rẹ̀ jáde, ó ṣàlàyé fún mi ní pẹ̀lẹ́ pé bùláńkẹ́ẹ̀tì ni yìnyín yẹn jẹ́ fún koríko, pé kò sẹ́ni tí í ká bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ọmọ kí òtútù tó lọ tán. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ da èédú dandan, kí wọ́n kọ́kọ́ la ojú ọ̀nà fún omi. Mo ní kó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé mo rò pé baba rẹ̀ ló tọ̀nà o. Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí àwọn méjèèjì bá jà, ọmọ ló máa di ẹrù rẹ̀ lọ.

Àwa obìnrin tó ń tu èpò ní pápá náà la máa ń da èédú. A ó so báàgì kọ́rùn, a ó wọ bàtà tó ga dé orúnkún, a ó máa fi ọwọ́ fọ́n ọn bí ẹni ń fọ́n ọkà fún adìyẹ. Kó tó di ọ̀sán, ojú gbogbo wa á ti dúdú. Ìyá Moriwaki dàgbà jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ ò sì ní sinmi láyé. Ó ní kí n wo ara mi nínú dígí ọkọ̀, pé tí ọkọ mi bá rí mi báyìí, á rò pé ẹṣin ló sọ̀ kalẹ̀ wálé. A rẹ́rìn-ín títí a fi ń wúkọ́. Nagisa náà so báàgì tirẹ̀ kọ́rùn. Ó fọ́n ọn dáadáa, kò fi ibì kan sílẹ̀, àfi bíi pé òun gan-an ló pàṣẹ. Mo bi í bóyá inú ń bí i. Ó ní rárá, ó ní iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ohùn tó fi sọ ọ́ bà mí lẹ́rù ju ìbínú lọ.

Ká má parọ́, ó kọ́kọ́ dà bíi pé baba ló mọ̀ ọ́n. Oòrùn ràn, èédú gbà á, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ká tó wí, ká tó fọ̀, a ti ń rí koríko. Ọ̀gá Kurimoto, tí ilé-iṣẹ́ rán wá láti Sapporo láti máa darí ibẹ̀, rìn yí pápá ká pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè ni. Ó máa ń yin èèyàn kó tó bá a wí. Lọ́jọ́ yẹn ó yìn, kò sì bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ti ń sọ pé a máa ṣí kí pápá tó wà lódìkejì odò tó ṣí. Ọkọ mi ra ọtí sáké fún gbogbo wa. Nígbà tó mu tirẹ̀ tán, ó yí sí Nagisa níwájú àwọn obìnrin, ó ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá kóun ya òkè sínú ẹ̀. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé ẹ̀rín ń pẹ̀tù sí nǹkan.

Afẹ́fẹ́ wá yí padà. Òtútù láti apá àríwá padà dé, kò sì kánjú lọ. Omi tí kò ríbi wọlẹ̀ dúró lórí àwọn gíríìnì, ó sì dì bíi dígí. A lè rí koríko lábẹ́ rẹ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, ó lẹ́wà, ó ń kú lọ. A fi òòlù onígi fọ́ ọ, a tún da èédú lé e lórí, oòrùn ò yọ. Nagisa ló ń ṣáájú wa. Ó máa ń jáde kí baba rẹ̀ tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ bó. Kò fìgbà kankan sọ pé ṣé òun ò wí bẹ́ẹ̀. Ká ní ó sọ ọ́ ni, wọn ì bá jà, ìjà náà ì bá sì parí síbẹ̀.

Nígbà tí omi dídì náà wá yọ́, òórùn ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Òórùn kíkan, bí ìrẹsì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Koríko ti pọ́n bí ẹní àtijọ́. Téèyàn bá fọwọ́ kàn án, á bá a lọ́wọ́ wá. Ó ju ìdajì àwọn gíríìnì wa tó lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kúnlẹ̀ lórí èyí tó burú jù, pẹ̀lú orúnkún tí kò dáa yẹn, ó ń ti ìka bọ ilẹ̀ níbí, ó ń tì í bọ ọ̀hún. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ bá a kẹ́dùn, mo sì fẹ́ gbá a létí. Mi ò ṣe ìkankan.

Ọ̀gá Kurimoto pè wá jọ sínú ilé irinṣẹ́. A jókòó yí sítóòfù ká, àwọn ọkùnrin níwájú, àwa obìnrin lẹ́yìn pẹ̀lú ife tíì. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún làálàá gbogbo ìgbà òtútù. Ó wá ní àwọn ará Sapporo fẹ́ mọ ẹni tó ní kí wọ́n da èédú nígbà yẹn. Kò wo ojú ẹnì kankan bó ṣe sọ ọ́.

Níbi tiwa, èèyàn kì í nàka sí àgbà. Àgbà fúnra rẹ̀ ló ń dìde. Torí náà, a ń dúró dè é. Ìkòkò omi ń hó lórí sítóòfù. Ọkọ mi tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, bíi pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀.

"Èmi ni," ni Nagisa wí.

Ó ti dìde dúró. Ó tẹrí ba títí irun rẹ̀ fi bo ojú rẹ̀. "Èmi ni mo kánjú. Bàbá ní kí n dúró, mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

Ẹ wo ọmọ tó yí ọ̀rọ̀ padà bí ẹni yí ìbọ̀sẹ̀. Mo la ẹnu mi. Nagisa gbé ojú sókè láàárín irun rẹ̀, ó wò mí, mo sì pa á dé. Mo wo ọkọ mi. Kò gbin. Ọ̀gá Kurimoto náà wò ó, ó wò ó pẹ́, ó wá mí kanlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Nagisa pé ó sọ òtítọ́. Ó ní bóyá ó máa dáa kó lọ sinmi láti ìparí oṣù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé wọ́n lé èèyàn níbi tiwa.

Bí a ṣe ń jáde, Ìyá Moriwaki súnmọ́ etí mi. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Tiwa wà lọ́jà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò." Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí Nagisa máa lọ, baba rẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ní kó máa jẹun dáadáa, ó sì padà sídìí koríko. Èmi ni mo wà á dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní màá lọ bá Kurimoto, màá sọ bó ṣe rí gan-an. Ó ní kí n má dán an wò, pé tí mo bá sọ ọ́, òun ni mo sọ di òpùrọ́ lójú gbogbo ìlú. Mo di ìrẹsì ẹlẹ́ja fún un pé kó máa jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbéra, ó juwọ́ sí mi bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ń lọ sílé ìwé, mo sì sunkún níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí mi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í tún pápá ṣe. Lẹ́yìn ilé irinṣẹ́, a ní ilẹ̀ kékeré kan tí a ń gbin koríko àfidípò sí. Ọkọ mi á gé e ní ègé ègé, á gé ibi tó kú kúrò, á tẹ tuntun sí i, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń lẹ aṣọ. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Koríko yẹn ò tó gbogbo ibi tó kú, a sì ní láti gé gíríìnì ìgbà díẹ̀ sórí ojú pápá fún àwọn tó ń bọ̀. Nílé, mò ń se oúnjẹ, mò ń gbé e síwájú rẹ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ó ń jẹ ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Mo gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́ sí i bẹ́ẹ̀ títí ayé, ṣùgbọ́n wọn ò bí mi pẹ̀lú irú sùúrù yẹn. Nígbà tó yá, mo gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ gbì níwájú rẹ̀.

"Bàbá Nagisa," mo ní, "àtàárọ̀ lẹ ti ń lẹ koríko mọ́lẹ̀. Ta ló máa bá yín lẹ ọmọ yín padà?"

Kò jẹ ìrẹsì náà. Lọ́jọ́ kejì, ó wọ kóòtù dúdú tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, ó so táì, ó sì gba ọ́fíìsì Kurimoto lọ lójú ọ̀sán gangan. Mo fi gbogbo àsìkò yẹn nu ilẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ń rò ó pé wọ́n máa lé e, mo sì ń rò ó pé kí wọ́n lé e, tí ọmọ bá ti lè padà.

Nígbà tó dé, ó jókòó láìtú táì.

"Ó ti mọ̀," ló wí.

"Ta ni?"

"Kurimoto. Ó ní látọjọ́ yẹn lòun ti mọ̀. Ó ní gbogbo yín lẹ mọ̀. Ó ní nígbà tí ọmọ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, ṣé kóun wá pè é ní òpùrọ́ lójú baba rẹ̀ ni?" Ó pa ẹnu dé, ó tún là á. "Ó da tíì fún mi. Ó ní bí koríko tuntun náà ṣe ń ta gbòǹgbò dùn mọ́ òun."

"Ẹ̀yin wá sọ kí ni?"

"Mo ní kó jẹ́ kí n lọ, kó gbé Nagisa sí ipò mi. Ó gbà. Ó ní tó bá fẹ́ padà, kó padà, àwọn á sọ fún Sapporo pé ó ti sinmi tó." Ó wá tú táì rẹ̀. "Ìwọ ni kó o pè é. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mi ló rí, kò ní gbé e."

Ẹ ò rí ayọ̀ tó mú mi. Mo bínú sí Kurimoto, mo bínú sí àwa obìnrin tí a gbé tíì dání tí a ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà pọ̀ ju ìbínú lọ. Mo tẹ nọ́ńbà Nagisa. Ó gbé e. Ó ní òun wà lórí pápá ní Kagoshima, pé ooru ti mú lọ́dọ̀ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìsinmi: baba rẹ̀ ti lọ jẹ́wọ́, Kurimoto ti gbà, ipò náà ti di tirẹ̀, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú tó bá kọ́kọ́ rí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Màmá, mi ò bọ̀," ló wí.

Mo ní tí ó bá jẹ́ torí ìtìjú ni, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ rẹ̀ láburú. Ó ní kì í ṣe torí ìtìjú. Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo ti jókòó, irọ́ sì ni.

"Mi ò sọ ọ́ torí Bàbá," ni Nagisa wí. "Látìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa lọ, tí wọn ò fi ní sọ pé mo já àwọn òbí mi jù sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá béèrè, mo kọ́kọ́ dúró. Mo ní ẹ jẹ́ n wò ó bóyá Bàbá á sọ̀rọ̀. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, Màmá, ǹ bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín títí dòní. Nígbà tí kò sọ ọ́, ọkàn mi fúyẹ́."

Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan dì mú. Ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní kí n wá sọ́dọ̀ òun tí ìgbà ooru bá parí, òun á mú mi lọ wo òkun. Mo ní màá wá. Lẹ́yìn náà ẹnì kan pè é láti ibi tó wà, ó dá onítọ̀hún lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, irú ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí láàárín ọdún mẹ́ta tó fi wà nílé wa, ó sì kí mi pé ó dàbọ̀.

Ọkọ mi ṣì jókòó sídìí tábìlì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan bí ẹni tó wà lójú ìwádìí. Ó bi mí pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Mo lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ dídùn í sọ ní ìlú yìí, ẹ sì wo ibi tó gbé wa dé. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe ti ẹnu ọmọ jáde, mi ò yọ ọ̀kankan kúrò níbẹ̀.

Ó ká táì rẹ̀, ó sì fi í sórí tábìlì.

"Ó ní ọkàn òun fúyẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí."

Ó ní fóònù láti ọ̀nà jíjìn máa ń já nígbà mìíràn, pé bóyá mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo ní fóònù náà ò já.